Àgbẹ̀ tí ń Gbin Epo Ọkọ̀: Ṣé Ìrànlọ́wọ́ Ìjọba ń Dé Ọ̀dọ̀ Rẹ̀?

Ní ọjọ́ 25 oṣù Febúárì, ọdún 2008, àwọn awakọ̀ ìlú Douala, èbúté ńlá orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé epo ọkọ̀ ti wọ́n jù. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi di rògbòdìyàn tí ó ran ìlú mìíràn. Nígbà tí ó rọlẹ̀, ìjọba ní ènìyàn 40 ni ó kú. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́-ọmọnìyàn ní wọ́n ju 100 lọ. Ọ̀rọ̀ ìṣèlú wà nínú rẹ̀, nítorí pé ìjọba ń gbèrò láti yí òfin tí ó fi ìwọ̀n sí àkókò Ààrẹ lórí oyè padà. Ṣùgbọ́n igbe ọ̀wọ́n epo àti oúnjẹ ni ó gba ẹnu mẹ̀kúnnù. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

A rántí ọ̀ràn yìí nítorí pé láàárín ọdún wọ̀nyẹn gan-an ni àwọn ìjọba káàkiri ayé ń fi owó tu àwọn àgbẹ̀ lójú kí wọ́n lè gbin ohun tí a ó fi ṣe epo ọkọ̀. Ilẹ̀ kan náà ni yóò bọ́ ènìyàn, òun náà ni yóò bọ́ mọ́tò. Ó yẹ nígbà náà kí a wádìí ọ̀nà tí irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà, kí a sì mọ ẹni tí ó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Oríṣi méjì ni epo tí a ń wí. Èkíní ni ọtí líle tí a ń pọn láti ara ìrèké, àgbàdo tàbí gbágùúdá, tí a sì ń pò mọ́ bẹntiróòlù. Èkejì ni epo ẹyìn, ẹ̀pà, sóyà tàbí làpálàpá, tí a fi ọtí àti èròjà kan tí ó dà bí eérú ọṣẹ ṣiṣẹ́ lé lórí títí yóò fi ṣàn wẹ́rẹ́ bíi dísẹ́ẹ̀lì. Iṣẹ́ náà kò jìnnà sí ti àwọn ìyá wa tí ń se ọṣẹ dúdú. Kì í sì í ṣe ohun tuntun: níbi àfihàn ńlá ìlú Paris ní ọdún 1900, epo ẹ̀pà ni ó mú ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tí Rudolf Diesel pilẹ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ìṣòro àgbẹ̀ ni ìdúró. Ọ̀pẹ tí a gbìn lónìí kò ní so èso tí ó ní láárí títí di bí ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Láàárín àkókò náà, olóko yóò jẹun, yóò roko, yóò ra ajílẹ̀. Ta ni yóò ru ẹrù ọdún wọ̀nyí?

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, láti ọdún 2004, àjọ ìṣọ̀kan wọn ń san owó yúrò 45 lórí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan fún àgbẹ̀ tí ó bá ti bá oníbàárà ṣe àdéhùn. Wọ́n fòpin sí i ní ọdún 2010, nítorí pé, lójú wọn, òfin tí ó pa pípo epo náà láṣẹ ti tó láti mú kí ọjà wà.

Ní Nàìjíríà, ètò ìjọba àpapọ̀ jáde ní ọdún 2007 pé kí ìdá kan nínú mẹ́wàá bẹntiróòlù jẹ́ ọtí ohun ọ̀gbìn, àti pé kí ilé iṣẹ́ tí ó bá dáwọ́ lé e bọ́ lọ́wọ́ owó orí fún ọdún 10. Ìlérí ńlá ni èyí, ṣùgbọ́n olóko éékà méjì kì í san owó orí ilé iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ olówó ni ẹ̀bùn náà yóò kọ́kọ́ yà sí kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí yóò bá tilẹ̀ dé rárá.

Ní Kamẹrúùnù ni a ti rí ẹ̀kọ́ tí ó hàn gbangba jù. Láti ọdún 1978, àpò ìdàgbàsókè ìgbèríko tí ìjọba dá sílẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ FONADER, ń yá àwọn àgbẹ̀ kéékèèké lówó láti gbin ọ̀pẹ. SOCAPALM, ilé iṣẹ́ ọ̀pẹ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1968, tí ó ní oko ní Dibombari nítòsí Douala, ni ó ń fún wọn ní ọmọ ọ̀pẹ àti ìmọ̀ràn. Bí ẹyìn bá pọ́n, wọn a kó o lọ sí ilé ìfúnpo, a ó sì yọ gbèsè kúrò nínú owó rẹ̀. Lóòótọ́, ìkòkò àti ọṣẹ ni epo náà wà fún, kì í ṣe ọkọ̀. Ṣùgbọ́n igi kan náà ni, ìdúró kan náà sì ni.

Kò pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ kan fi bẹ̀rẹ̀ sí tà fún àwọn tí ń fi ọwọ́ fún epo, nítorí pé àwọn yẹn ń san owó lójú ẹsẹ̀ láìyọ gbèsè. Nígbà tí ó yá, iye owó epo já lulẹ̀ ní ọjà àgbáyé. Ìjọba ti FONADER pa ní ọdún 1991. Ní ọdún 2000, SOCAPALM bọ́ sí ọwọ́ aládàáni. Ìgbà tí ọjà burú, tí àgbẹ̀ nílò alátìlẹ́yìn jù, ni àtìlẹ́yìn lọ. Síbẹ̀ olóko ọ̀pẹ ṣì ní epo tí yóò jẹ. Ẹni tí ó gbin làpálàpá ní Tansaníà, Mòsáḿbíìkì tàbí Gánà nítorí àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè tí ó kógbá wọlé lẹ́yìn ọdún díẹ̀, kí ni yóò fi èso rẹ̀ ṣe? Májèlé ni, ẹnikẹ́ni kì í fi í se ọbẹ̀.

Bùràsíìlì gbìyànjú ọgbọ́n mìíràn láti oṣù Dísẹ́ńbà, ọdún 2004: ilé iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ kí a dín owó orí òun kù gbọ́dọ̀ ra ìwọ̀n kan lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ kéékèèké, pẹ̀lú àdéhùn inú ìwé, kí ó sì rán olùkọ́ni lọ sí oko wọn. Kò dára tán. Àwọn tí ń gbin lárà ní àríwá ìlà-oòrùn ibẹ̀ kò jèrè tó bí a ti rò. Àwọn onísóyà gúúsù ni ó jẹ púpọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, a so ẹ̀bùn olówó mọ́ ẹ̀tọ́ àgbẹ̀.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Máàyù, ọdún 2019, iná jó ilé ìfọpo Limbe, ọ̀kan ṣoṣo tí Kamẹrúùnù ní, epo ọkọ̀ tí a ti fọ̀ láti òkèèrè sì ni orílẹ̀-èdè náà gbára lé lẹ́yìn rẹ̀. Ó lè wu ènìyàn nígbà náà pé kí ọ̀pẹ gba iṣẹ́ náà ṣe. Ṣùgbọ́n epo pupa tí ilẹ̀ náà ń fún kò tíì tó ìkòkò àwọn ará ibẹ̀. Wọ́n ṣì ń rà kún un.

Ohun tí a rí kọ́ kò ju mẹ́ta lọ. Kí ẹ̀yáwó àgbẹ̀ gùn tó ìdàgbà igi rẹ̀, kí ó má sì kú ní ọjọ́ tí ọjà bá kú. Kí olówó má gba ìdáríjì owó orí láìfi àdéhùn tí ó dájú lé àgbẹ̀ lọ́wọ́. Kí ìkòkò sì yó kí mọ́tò tó mu. Ìjọba tí ó bá fi ojú fo èyí ìkẹyìn lè rí epo wà ọkọ̀, ṣùgbọ́n ìlú Douala ti fi hàn ní ọdún 2008 pé ibi tí epo àti oúnjẹ bá ti jọ wọ́n, kò sí ọkọ̀ tí yóò rí ọ̀nà kọjá.