Ọgbẹ́ kékeré, ewu ńlá: Ohun tó yẹ kí òbí ṣe bí ọ̀bẹ bá gé iṣan ọwọ́ ọmọdé

Ní Marché Sandaga, ọjà ẹ̀fọ́ àti èso tó wà ní ìlú Douala lórílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, ọ̀bẹ kì í sinmi. Òun ni wọ́n fi ń gé ìdí ẹ̀fọ́, òun náà ni wọ́n fi ń bẹ ọ̀pẹ̀-òyìnbó fún oníbàárà. Bó sì ṣe rí ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn tàbí Mile 12 l'Ékòó, ìyá tó ń tajà kì í sábà rí ibi fi ọmọ kékeré sí ju ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Ọmọ ọdún 3 kan na ọwọ́ sí ọ̀bẹ, ọ̀bẹ sì gé e lọ́rùn-ọwọ́. Ìyá rẹ̀ fi aṣọ dì í, ẹ̀jẹ̀ dá. Wọ́n rán ojú ọgbẹ́ náà ní ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí, ó sì jiná láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù kẹta, ọmọ náà kò lè fi àtàńpàkò mú ṣíbí mọ́. Iná jó o ní ìka, kò sunkún.

Àpẹẹrẹ lásán lèyí, kì í ṣe ìtàn ẹnì kan pàtó. Síbẹ̀, kò ṣàjèjì sí àwọn oníṣẹ́ abẹ ọwọ́: awọ ara ti jiná, ṣùgbọ́n iṣan tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ti já.

Irú iṣan wo ni à ń sọ?

Iṣan ẹ̀jẹ̀ wà, èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Èyí tó so ẹran ara mọ́ egungun wà pẹ̀lú. Ẹ̀kẹta ni iṣan ìmọ̀lára, tó dà bí okùn funfun. Òun ló ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ lọ bá ẹran ara pé kó ṣiṣẹ́, òun náà ló sì ń gbé ìròyìn ìrora, ooru àti òtútù padà.

Ní ọdún 1943, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Herbert Seddon, pín ìpalára iṣan yìí sí ọ̀nà 3. Àkọ́kọ́ ni èyí tí iṣan kàn fara pa díẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀. Èkejì ni èyí tí àwọn fọ́nrán inú rẹ̀ já, ṣùgbọ́n tí èèpo rẹ̀ kò já; irú èyí lè hù padà fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni èyí tó já pátápátá. Irú èyí kì í sábà ṣiṣẹ́ padà bí oníṣẹ́ abẹ kò bá so ó pọ̀.

Kí ló dé tí àkókò fi ṣe pàtàkì?

Iṣan tó ń hù padà kì í yára: nǹkan bíi mìlímítà 1 lóòjọ́ ni. Láti ọrùn-ọwọ́ dé orí ìka, ó lè gba oṣù 3 tàbí 4, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹran ara tí kò bá sì rí àṣẹ gbà fún nǹkan bí oṣù 12 sí 18 yóò rù débi pé, bí iṣan tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ní lè ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Àìtètè mólè ni olè fi ń mólóko.

Báwo ni òbí ṣe lè mọ̀?

Ọmọdé kò lè sọ pé ìka òun ti kú. Ẹ máa wo bó ṣe ń ṣeré: ṣé ọwọ́ kan ṣoṣo ló fi ń mú nǹkan? Ẹ fọwọ́ kan ìka rẹ̀: ìka tí iṣan rẹ̀ já kì í làágùn, ó máa ń gbẹ. Bí ojú ọgbẹ́ bá ti jiná, ẹ lè ki ọwọ́ méjèèjì bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Awọ ìka tó ní ìlera yóò hun jọ. Ti ìka tí iṣan rẹ̀ já yóò máa dán.

Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de àmì wọ̀nyí. Ọgbẹ́ ọ̀bẹ tàbí ìgò tó bá jìn ní àtẹ́lẹwọ́, ọrùn-ọwọ́ tàbí ìgbọ̀nwọ́ yẹ fún àyẹ̀wò ní ọjọ́ náà gan-an.

Kí ni kí ẹ ṣe?

Ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ ojú ọgbẹ́, kí ẹ sì gbé apá ọmọ sókè. Ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ má da kẹrosíìnì tàbí àgúnmu sí i. Ní ilé ìwòsàn, ẹ bèèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì, kí ẹ sì bi dókítà pé: “Ṣé ẹ ti yẹ iṣan ìmọ̀lára wò?” Ó lè jẹ́ pé yàrá iṣẹ́ abẹ nìkan ni wọ́n ti lè wo inú ọgbẹ́ náà dáadáa, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi oògùn mú ọmọ sùn.

Bí kò bá sí onímọ̀ níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ní Douala, Hôpital Laquintinie àti Hôpital Général wà lára wọn. Ní Èkó, ilé ìwòsàn egungun ti Ìgbóbì wà.

Iṣan tí ọ̀bẹ gé dára jù láti so láàárín ọjọ́ díẹ̀. Lábẹ́ ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá lójú ni dókítà ti ń ṣe é, pẹ̀lú òwú tó tín-ín-rín ju irun orí lọ. Wọn yóò di ọwọ́ náà kó má mì fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3, lẹ́yìn náà ni físíótẹ́rápì yóò bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti pẹ́, wọ́n lè yá iṣan láti ẹsẹ̀ ọmọ náà fi dí àlàfo.

Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ ṣubú, tí kò sí ojú ọgbẹ́, dókítà lè kọ́kọ́ máa ṣọ́ ọ. Àyẹ̀wò iná mànàmáná máa ń fi ipò iṣan hàn dáadáa lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 sí 4. Bí kò bá sí ìyípadà kankan títí di oṣù kẹta, ó yẹ kí oníṣẹ́ abẹ iṣan rí i.

Ẹ tọ́jú gbogbo ìwé ilé ìwòsàn, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ìjàǹbá náà ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, nítorí ọjọ́ náà ni dókítà yóò kọ́kọ́ bèèrè. Ìrètí wà: iṣan ọmọdé máa ń jinná dáadáa ju ti àgbàlagbà lọ. Ṣùgbọ́n òbí tó bá tètè gbéra ni ìrètí náà máa ń ṣiṣẹ́ fún jù.