Aago awakọ̀ òfurufú tí kò wọ́n: Ohun tó yẹ kí ontàjà yẹ̀ wò kó tó náwó lé e

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọbẹ̀ tó jẹ owó ló ń dùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ rí lórí aago ọwọ́ tí wọ́n ṣe bíi tàwọn awakọ̀ òfurufú ológun. Irú aago yìí tètè máa ń wu oníbàárà, ṣùgbọ́n ontàjà tó ń tà á láìmọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lè pàdánù owó àti orúkọ lẹ́ẹ̀kan náà. Oníbàárà lè rà á lọ́jọ́ Jímọ̀, kó bọ́ ọ sórí tábìlì, kó sì gbé e padà wá lọ́jọ́ Ajé pé ó ti kú. Bí ontàjà kò bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, yóò dá owó padà lórí aago tí kò ní àbùkù kankan.

Ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ni àrà yìí ti gbilẹ̀. Ilé-iṣẹ́ márùn-ún ló ṣe é fún àwọn ọmọ ogun òfurufú Jámánì: A. Lange & Söhne, Laco, Stowa, Wempe àti IWC ti ilẹ̀ Switzerland. Aago náà fẹ̀ tó mìlímítà 55, orí ẹ̀wù ni wọ́n sì ń dè é mọ́. Kókó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tóbi kí ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ lè rí i yí. Ojú rẹ̀ dúdú, nọ́ńbà rẹ̀ funfun, ó sì ń tàn nínú òkùnkùn. Lára wọn ni èyí tí nọ́ńbà ìṣẹ́jú wà létí, tí ti wákàtí sì kéré láàárín.

Ọ̀kan lára àwọn olówó pọ́ọ́kú tó mú àrà yìí lò ni Seiko 5 tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ SNK809. Ọdún 1963 ni ilé-iṣẹ́ Seiko ti Jàpáànù bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ Seiko 5. SNK809 fẹ̀ tó mìlímítà 37 péré, ó ń fi ọjọ́ àti déètì hàn, ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ gíláàsì tí èèyàn fi lè rí ẹ̀rọ inú rẹ̀. Kò ní bátìrì. Bí ọwọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ṣe ń mì ló ń fún ara rẹ̀ lágbára. Bí wọ́n bá bọ́ ọ sílẹ̀, bíi wákàtí 40 ló lè lò kó tó dúró. Ìdí nìyẹn tí aago ọjọ́ Jímọ̀ fi kú kó tó di ọjọ́ Ajé. Kí wọ́n rọra mì í, kí wọ́n tún un sí àkókò, kí wọ́n sì wọ̀ ọ́. Yóò padà máa lọ.

Ẹ̀rọ inú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní 7S26, ní ìwà méjì mìíràn tí oníbàárà lè pè ní àbùkù. Kò ṣeé fi kókó wáìn, bẹ́ẹ̀ sì ni ọwọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá kì í dúró bí wọ́n bá fa kókó jáde. Ẹ̀rọ rẹ̀ kì í sì ṣe déédéé tó ti bátìrì. Bí ó bá fi ìṣẹ́jú àáyá 20 yára lójúmọ́, ìṣẹ́jú 10 nìyẹn lóṣù. Ẹni tó ń fẹ́ aago tí kì í yẹ̀, ti bátìrì ló yẹ kí ontàjà gbà á nímọ̀ràn láti rà.

Ọ̀rọ̀ omi náà ń dá ìjà sílẹ̀. Mítà 30 tí wọ́n kọ fún aago yìí kò túmọ̀ sí pé èèyàn lè wọ̀ ọ́ wọ odò. Òjò wẹ́wẹ́ àti omi ìfọwọ́ ni ó lè gbà. Bákan náà, kí ontàjà má ṣe kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, nítorí òòfà inú rẹ̀ lè mú kí aago máa sáré. Kí wọ́n má sì yí déètì rẹ̀ láàárín aago 9 alẹ́ sí aago 4 ìdájí, kí eyín inú rẹ̀ má baà ṣẹ́.

SNK809 kò sí lára àwọn tí Seiko ń ṣe jáde mọ́. Nítorí náà, èyí tó bá wà lọ́jà lè jẹ́ àṣẹ́kù, ó lè jẹ́ àlòkù, ó sì lè jẹ́ ayédèrú. Kí ontàjà wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó sanwó. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7S26 yẹ kó wà níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó ní ẹyọ mẹ́fà. Ẹyọ àkọ́kọ́ dúró fún ìparí ọdún tí wọ́n ṣe é, ìkejì dúró fún oṣù: 1 sí 9 fún oṣù kìíní sí ìkẹsàn-án, 0 fún ìkẹwàá, N fún ìkọkànlá, D fún ìkejìlá. Bí nọ́ńbà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 8N, oṣù kọkànlá ọdún tó parí sí 8 ni. Bí ẹni tó kó ọjà wá bá ní tuntun ni, tí nọ́ńbà sì ń sọ ohun mìíràn, kí wọ́n dẹ́kun ìnáwó.

Ẹni tó bá fẹ́ tuntun lè wo Seiko 5 Sports SRPG27. Ó fẹ̀ tó mìlímítà 39.4, ó ṣeé fi kókó wáìn, ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀ ń dúró, ó sì lè gba omi dé mítà 100. Ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ àròyé tí yóò mú wá sí ṣọ́ọ̀bù kéré.

Lákòótán, àrà ológun ni aago yìí, kì í ṣe aago ológun. Bí ontàjà bá sọ èyí fún oníbàárà, tó sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé aago náà máa ń dúró bí wọn kò bá wọ̀ ọ́, tí kò sì gbọdọ̀ wọ odò, oníbàárà ọjọ́ Ajé kò ní í bá ìjà wá. Ó ṣeé ṣe kó tún mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́.