Bọ́ílà Elédùú Àtijọ́ àti Àtúnṣe Rẹ̀

Nígbà ọyẹ́, òtútù a máa mú gidigidi ní òwúrọ̀ ní Òmù-Àrán, ní Èsìẹ́ àti ní gbogbo ilẹ̀ Ìgbómìnà. Àwọn àgbà a fi aṣọ bora, àwọn ọmọdé a sì ká ìdí ààrò mọ́ bí ìyá wọn ti ń gbé omi ẹ̀kọ kaná. Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn bá gòkè tán, òtútù a kásẹ̀ nílẹ̀, olúkúlùkù a sì gba ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ ní àwọn ilẹ̀ kan ní òkè òkun. Ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òtútù a máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, kì í sì í tán bọ̀rọ̀ títí di oṣù Kẹrin. Omi inú páìpù a dì gbagidi, a sì bẹ́ páìpù náà. Ilé tí kò bá ní iná nínú kò ṣeé sùn. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ fi ní ẹ̀rọ kan ní yàrá abẹ́ ilé wọn, tí ń gbé omi kaná tọ̀sán tòru, tí omi gbígbóná náà sì ń gba inú páìpù lọ sí gbogbo yàrá. Ẹ̀rọ yìí ni à ń pè ní bọ́ílà. Òmíràn ń lo epo, òmíràn ń lo gáàsì, ṣùgbọ́n èyí tí ń lo èédú ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá èyí tí ó ti gbó, tí ẹnì kan rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí ó sì fẹ́ tún ṣe kí ó lè lò ó nínú ilé ara rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé àjèjì pátápátá ni bọ́ílà jẹ́ ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí ojú irin dé Ìlọrin ní ọdún 1908, tí ó sì dé Jẹ́bà ní ọdún 1909, bọ́ílà tí a gbé ka orí kẹ̀kẹ́ irin ni ó ń fa àwọn ọkọ̀ tí ń gba orí rẹ̀ kọjá. Àgbá gbọọrọ dúdú tí ó wà níwájú ọkọ̀ náà gan-an ni bọ́ílà. Ní ọdún 1915 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í wa èédú ilẹ̀ ní Ẹnúgù, èédú náà ni a sì wá ń fi dáná sí i. Ará Òmù-Àrán tí ó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin a kọrí sí Ọ̀fà. Bí ó bá yọjú wo ẹ̀yìn àgbá náà, yóò rí ọkùnrin kan tí ó di ṣọ́bìrì mú, tí òógùn bò, tí ń wa èédú sínú iná láìsinmi. Iṣẹ́ ọkùnrin náà ni láti koná. Bí ó bá da èédú jù, èéfín dúdú a bo ọkọ̀. Bí kò bá dà á tó, ọkọ̀ kò ní lè gun òkè. Ẹ̀rọ tí ń lo dísù ti gba ipò àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí tipẹ́tipẹ́.

Nínú ilé ẹni, ta ni yóò máa dìde wa èédú ní agogo méjì òru? Ìṣòro yìí ni wọ́n fi ẹ̀rọ akoná yanjú, èyí tí Òyìnbó ń pè ní stoker. Lára àwọn tí orúkọ wọn gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ náà ni Electric Furnace-Man ti ìlú Emmaus, àti Axeman-Anderson ti ìlú Williamsport, ní Pennsylvania kan náà. Ìdí tí iṣẹ́ náà fi gbilẹ̀ níbẹ̀ ni pé irú èédú kan wà ní ilẹ̀ wọn tí kò wọ́pọ̀ níbòmíràn. Anthracite ni orúkọ rẹ̀. Èédú Ẹnúgù rọ̀, ó sì ń rú èéfín. Ṣùgbọ́n anthracite le bí òkúta, ó ń dán, iná rẹ̀ kéré, ó sì dà bí aró ní àwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi bẹ́ẹ̀ rú èéfín. Àwọn tí ń wà á a máa fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wọn a sì fi asẹ́ yà á sọ́tọ̀ ní ìwọ̀n-ìwọ̀n. Ìwọ̀n kan tí ẹ̀rọ akoná ń lò ni wọ́n sọ ní "ìrẹsì". Orúkọ lásán ni o. Láti mìlímítà 5 dé 8 ni ẹyọ kan rẹ̀, bí a bá sì bi mí, ó jọ ọmọ àgbàdo ju ìrẹsì lọ.

Ẹni tí ó bá ti wo inú ẹ̀rọ ìlọta rí yóò tètè mọ bí akoná ti ń ṣe. Ẹ ó rántí pé irin kan wà nínú ẹ̀rọ ìlọta tí a lọ́ bí okùn, tí ó ń yí, tí ó sì ń ti ata lọ sí ẹnu ọlọ díẹ̀díẹ̀. Irú irin bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú akoná. Ó gùn, ìdí rẹ̀ wà nínú àgbá èédú, orí rẹ̀ sì wà lábẹ́ abọ́ irin kan nínú bọ́ílà. Bí ẹ̀rọ iná mànàmáná ti ń yí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ti èédú gba abẹ́ wọ inú abọ́ náà. Nítorí náà èédú tuntun ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ bí omi ìsun, èyí tí ń jó wà lókè rẹ̀, eérú tí iná ti jẹ tán sì ń ya láti etí abọ́ bọ́ sínú garawa tí ó wà nísàlẹ̀. Fáànù kékeré kan ń fẹ́ atẹ́gùn sí i láti inú ihò wẹ́wẹ́ tí ó wà lára abọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí alágbẹ̀dẹ wa ti ń fi ẹwìrì fínná. Omi tí yóò gbóná wà nínú àpò irin tí ó yí iná náà ká. Ti inú ọkọ̀ ojú irin a máa hó títí yóò fi di oruku tí ń ti kẹ̀kẹ́. Ti inú ilé kì í sábà hó, gbígbóná ni ó kàn ń gbóná. Irin kan tí ó mọ ìwọ̀n ooru ni ó ń ṣe aṣọ́nà: bí omi bá tutù ju bí ó ti yẹ lọ, a jí akoná, bí ó bá gbóná tó, a dá a dúró. Ṣùgbọ́n a kì í jẹ́ kí ó sùn pẹ́ jù, nítorí iná tí a kò fi èédú kún yóò kú. Nítorí náà aago kan ń jí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà.

Gbogbo ọgbọ́n ẹ̀rọ yìí wà nínú kí èédú àti atẹ́gùn bá ara wọn dọ́gba. Bí èédú bá pọ̀ ju atẹ́gùn lọ, èyí tí kò tíì jó yóò bá eérú dà nù, owó ni ó sì dà nù yẹn. Bí atẹ́gùn bá pọ̀ jù, iná yóò sọ̀ kalẹ̀ sínú abọ́, yóò sì máa jẹ orí irin tí ń ti èédú.

Irin bọ́ílà àtijọ́ a máa nípọn, ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè ra èyí tí ó ti lo ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó sì tún sin ín. Èmi kò lòdì sí irú ìṣọ́wóná bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo lòdì sí ni kí ẹni tí ó rà á kọ́kọ́ sáré lọ ra ọ̀dà. Ọ̀dà kọ́ ni ó kàn.

Ohun tí ó kàn ni ẹ̀wù ara rẹ̀. Asbestos ni a fi ń wé ọ̀pọ̀ bọ́ílà àtijọ́ àti páìpù wọn kí ooru má baà jáde. Eruku rẹ̀ a máa wọ ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn tí ó ń fà sì lè fara pamọ́ fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí ó tó yọ. Ẹni tí ó bá fura sí i kò gbọdọ̀ ha á, kò sì gbọdọ̀ gbá a. Àwọn tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà ni kí ó pè.

Lẹ́yìn èyí ni a óò tú àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀, tí a óò fi búrọ́ọ̀ṣì onírin kó eérú àti ẹ̀bu gbogbo kúrò nínú rẹ̀, tí a óò sì tan iná sí ibi tí ojú kì í dé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò dáná, ni bọ́ílà ń bàjẹ́ jù. Ìmí ọjọ́ wà nínú eérú èédú. Bí ọ̀rinrin bá bá a, yóò di omi kíkan tí ń jẹ irin. Nítorí náà, bọ́ílà tí ẹni tí ó ni ín kì í gbá eérú rẹ̀ kí ó tó pa iná fún ọdún lè dára lójú, kí inú rẹ̀ sì ti jẹ. Ẹ fi òòlù kékeré lù ú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Irin tí ó le a máa dún ketekete. Èyí tí ìpẹtà ti jẹ, ohùn rẹ̀ a kú.

Ìdánwò tí ó tóbi jù lọ ni ti omi. A óò dí gbogbo ẹnu rẹ̀, a óò rọ omi tútù kún un títí kò fi ní sí atẹ́gùn kankan nínú rẹ̀, a óò sì fi ẹ̀rọ ti omi náà títí ipá rẹ̀ yóò fi tó ìlọ́po kan àbọ̀ èyí tí a ṣe bọ́ílà náà fún. Omi tútù ni, kì í ṣe atẹ́gùn. Atẹ́gùn tí a kì mọ́ ibì kan dà bí ọrún tí a fà. Bí irin bá ya, yóò fọ́n ọn ká bí ọta ìbọn. Ṣùgbọ́n omi kò ṣeé kì mọ́ra. Bí irin bá ya, yóò kàn máa jò ni. Bí ó bá jò, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ìjórin àwọn bọ́ílà nìkan ni ó lè sọ bóyá ó ṣeé jó tàbí kí a gbé e dànù.

Àwọn ère òkúta Èsìẹ́ ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni orí tàbí apá rẹ̀ sì ti ṣẹ́. A kọ́ ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé fún wọn ní ọdún 1945, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bá so orí ère kan mọ́ ọrùn rẹ̀, iṣẹ́ parí, nítorí wíwò ni a ń wò ó. Ohun tí bọ́ílà yóò gbà mọ́ra yàtọ̀.

Ní ìlú Brockton, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ilé-iṣẹ́ bàtà kan wà tí ó jẹ́ ti R. B. Grover. Wọ́n ní bọ́ílà tuntun, ṣùgbọ́n wọn kò gbé ti àtijọ́ kúrò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 1905, a ti dá ti tuntun dúró, ti àtijọ́ ni ó sì ń ṣiṣẹ́. Ó bẹ́. Ó la àjà kọjá, ó fò gba òrùlé jáde, ilé wó lulẹ̀, iná sì ràn mọ́ ọn pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ nínú. Ènìyàn 58 ni ó kú. Ohun tí ó fà á tí agbára rẹ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé omi tí ó gbóná kọjá ìwọ̀n híhó, tí irin sì há mọ́, a di oruku lójú ẹsẹ̀ tí irin náà bá ya. Oruku sì ń gba àyè tó ìlọ́po 1,600 ti omi tí ó ti jáde. Ní ọdún 1907, ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin bí a óò ṣe máa kọ́ bọ́ílà, tí a óò sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tẹ̀ lé e.

Ní ti irin tí ń ti èédú, fáànù, àti okùn iná mànàmáná, ọ̀rọ̀ wọn kò le. Èyí tí ó bá jẹ ni a ń pààrọ̀.

Gbígbé e kalẹ̀ ni ó kù. Ilẹ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì ṣe ni kí ó dúró lé, nítorí ó wúwo. Bí omi bá gbóná láti tútù dé bí ó ti yẹ, ó ń fi nǹkan bí 3 nínú 100 wú sí i. Nítorí náà a ń so àgbá kékeré kan mọ́ páìpù, tí atẹ́gùn wà nínú rẹ̀, kí omi tí ó wú lè rí ibi sá sí. Bí àgbá náà kò bá ṣiṣẹ́, ẹnu ìtúsílẹ̀ kan gbọdọ̀ wà tí yóò ṣí fúnra rẹ̀ nígbà tí ipá omi bá kọjá ààlà. Titun ni kí a rà á. A kì í lo ti àtijọ́. A kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ ìdámidúró kankan sí àárín òun àti bọ́ílà, nítorí ọmọdé lè ti í, àgbà pàápàá lè gbàgbé. Páìpù tí ó ti ibẹ̀ jáde gbọdọ̀ kọjú sí ilẹ̀, kí omi gbígbóná má baà tú sí ẹnikẹ́ni lára.

Ọ̀nà èéfín ni mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí jù. Mo ti sọ pé iná anthracite dà bí aró. Afẹ́fẹ́ kan tí à ń pè ní kábọ́ọ̀nù mónóksáìdì ni ó ń jó bẹ́ẹ̀ lórí èédú. Bí kò bá rí atẹ́gùn tó, yóò lọ láìjó. Bí ọ̀nà èéfín bá sì dí, inú ilé ni yóò wọ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ẹ̀jẹ̀ wa fẹ́ràn rẹ̀ ní ìlọ́po tí ó ju 200 lọ ju ọ́síjìn tí à ń mí sínú. Bí ènìyàn bá mí in, kò ní sí àyè mọ́ fún ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Orí a máa fọ́ ọ, oorun a kùn ún, bí ó bá sì sùn, ó lè má jí mọ́. Nítorí náà a ń ro ọ̀nà èéfín láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí a tó so bọ́ílà mọ́ ọn, a ń fi àyè sílẹ̀ fún atẹ́gùn láti wọ yàrá náà, a sì ń fi agogo ìkìlọ̀ tí ó mọ afẹ́fẹ́ yìí kọ́ sí ìtòsí yàrá ìsùn. Afẹ́fẹ́ kan náà ni ó wà nínú ààrò elédùú tí àwọn kan ń gbé wọ yàrá nígbà ọyẹ́, tí wọ́n sì ń ti fèrèsé mọ́ ọn. Òun náà ni ó ń jáde láti inú ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ní ọjọ́ tí a óò kọ́kọ́ dáná sí i, igi gbígbẹ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí anthracite kì í tètè gbiná. Nígbà tí igi bá ti di ẹyín iná, a óò fi èédú díẹ̀ lé e, a óò sì tan akoná. Ẹni tí ó tún un ṣe kò gbọdọ̀ lọ sùn ní òru yẹn. Yóò jókòó tì í, yóò máa wo aago omi, yóò máa wo àwọ̀ iná, yóò sì gbé garawa eérú onírin síta, jìnnà sí ilé, nítorí ẹyín iná lè wà nínú rẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Bí eérú bá ń dà pẹ̀lú èédú dúdú nínú rẹ̀, yóò dín èédú kù díẹ̀, yóò sì tún jókòó.