Ìkòkò Ọbẹ̀ Tí Kò Mọ Mílíìkì

Bí obìnrin bá bímọ ní Fọlá Àgorò, kì í pẹ́ tí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fi máa ń kún. Ìyá tó wá bá a wẹ ọmọ ti gbé irú, èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ wá láti ilé. Tàwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tí ọkọ rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, àti àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ojúlé kan náà yàtọ̀: mílíìkì agolo, Milo, Bournvita, mọ́ọ̀tì àti bisikíìtì, nínú láílọ́ọ̀nù dúdú. Ìyá tó ń tajà lẹ́nu géètì á ní kí ìyá ìkókó po mọ́ọ̀tì mọ́ mílíìkì, kí ẹ̀jẹ̀ tó dà nù lè padà sára. Ẹlòmíràn á ní wàrà sóyà ni kó máa mu kí ọmú lè wá dáadáa. Inú rere ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ta ló máa rò ó pé mílíìkì lè ṣe ọmọ tí kò tíì fẹnu kàn án rí?

Bẹ́ẹ̀ ó ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọmú nìkan ló ń mu, ara rẹ̀ ń dán, ó ń wúwo sí i. Lọ́jọ́ kan, ìyá rẹ̀ tú pámpásì, ó rí ikun nínú ìgbẹ́, ó sì rí ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá fi ṣú, gbogbo ojúlé á ti gbọ́, kálukú á sì ti sọ tẹnu rẹ̀. Ẹnìkan á ní eyín ló ń bọ̀, lẹ́nu ọmọ tí kò tíì lè gbé orí ara rẹ̀ dúró. Oníkẹ́mísì á ní kòkòrò ni, á ta oògùn apakòkòrò àti gripe water fún wọn. Ìyá àgbà á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ìyá ọmọ ń jẹ dídùn jù, ohun tó jẹ sì ti bá ọmú wọ inú ọmọ.

Nínú gbogbo wọn, ìyá àgbà yìí ló sún mọ́ òótọ́ jù lọ. Kì í ṣe ṣúgà ló fà á o, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó tọ́ka sí gan-an ni ohun náà gbà wọlé.

Purotéènì oríṣiríṣi ló wà nínú wàrà màlúù. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní beta-lactoglobulin, kò sí nínú ọmú ènìyàn rárá. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá mu tíì onímílíìkì, díẹ̀ nínú rẹ̀ lè gba inú ìfun rẹ̀ kọjá láìdà tán, kó wọ inú ẹ̀jẹ̀, kó sì bá ibẹ̀ dé inú ọmú. Àwọn onímọ̀ ti rí i nínú ọmú nǹkan bí ìdajì àwọn abiyamọ tí wọ́n yẹ̀ wò. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ kì í tilẹ̀ mọ̀ pé ó wọlé. Àwọn díẹ̀ wà tí ẹ̀ṣọ́ ara wọn máa ń ṣe bíi fíjílantè òru tó rí àlejò tó ń wá ojúlé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó kígbe olè, tó sì da àdúgbò rú. Ìfun ìsàlẹ̀ ọmọ ni ìjà náà ti ń ṣẹlẹ̀. Ara rẹ̀ á pọ́n, á wú, ẹ̀jẹ̀ á sì máa jáde níbẹ̀. Purotéènì sóyà yàtọ̀ sí ti mílíìkì, ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú àwọn ọmọ tí ara wọn kọ mílíìkì tí ara wọn tún máa ń kọ sóyà.

Ó yẹ ká yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìyọnu mílíìkì mìíràn tí àwa àgbàlagbà mọ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó bá mu mílíìkì ife kan gbáko, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, afẹ́fẹ́ á kún un, á sì máa wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó kọ́ni ní ìṣègùn ọmọdé ní Yunifásítì Èkó kó tó di mínísítà ètò ìlera ní 1985, wà lára àwọn tó wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Òun, Norman Kretchmer ará Amẹ́ríkà àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ èsì wọn jáde nínú The Lancet ní 1971. Wọ́n rí i pé ìwọ̀nba ni àgbàlagbà Yorùbá tí inú rẹ̀ lè da ṣúgà inú wàrà, èyí tó ń jẹ́ lactose, nígbà tó jẹ́ pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Fúlàní darandaran ń dà á láìsí wàhálà. Ṣúgà nìyẹn. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ń da ṣúgà yìí dáadáa, torí ọmú ìyá rẹ̀ gan-an kún fún un. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá já a lẹ́nu ọmú ni agbára náà ń dínkù. Nítorí náà, ẹni tó bá lọ ra mílíìkì tí wọ́n kọ «lactose free» sí lára kò tíì yọ ohunkóhun kúrò nínú èyí tó ń da ọmọ láàmú, torí purotéènì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ pérépéré. Mílíìkì ewúrẹ́ náà kò gbà á, torí purotéènì rẹ̀ jọ ti màlúù púpọ̀.

Ohun tí dókítà máa ń ní kí ìyá ṣe kò le láti sọ: kó má jẹ mílíìkì àti ohun tí wọ́n fi mílíìkì ṣe fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, kó sì máa fún ọmọ lọ́mú lọ. Bí ó bá pọn dandan, kó yọ sóyà náà. Bí ẹ bá ka ìwé tí àwọn obìnrin òyìnbó kọ nípa oúnjẹ yìí, ẹ ó rò pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wọ́n. Wọ́n ń sunkún ṣíìsì, bọ́tà, áísìkiriìmù àti ọbẹ̀ funfun. Mo máa ń ka irú rẹ̀, mo sì máa ń wo ìkòkò tiwa. Àmàlà àti ewédú, ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ rírò, iṣu àti ọbẹ̀ ata, ìkọ́kọrẹ́ àwọn Ìjẹ̀bú, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín eléwé, ìrẹsì ọ̀fadà, àkàrà, dùndún, bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà: níbo ni mílíìkì wà nínú gbogbo ìyẹn? Yàtọ̀ sí wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri, ìyá-ìyá wa lè se oúnjẹ fún ọdún kan gbáko láìsí ẹ̀kán mílíìkì kan. Oúnjẹ tí wọ́n ń kọ́ obìnrin Lọ́ńdọ̀nù bíi ẹ̀kọ́ tuntun, oúnjẹ alẹ́ Fọlá Àgorò ni.

Òwúrọ̀ ló ṣòro. Tíì, búrẹ́dì àti mílíìkì ló ti gba àárọ̀ lọ́wọ́ wa. Inú agolo ni mílíìkì náà bá wọlé, ó sì pẹ́ tí àwọn kan ti ń kìlọ̀ nípa agolo náà. Cicely Williams, dókítà obìnrin tó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast tó di Gánà lónìí, tó jẹ́ pé òun ló kọ orúkọ àìsàn kwashiorkor láti inú èdè Gã sínú ìwé ìṣègùn ní 1935, dìde ní Singapore ní 1939, ó sì sọ̀rọ̀ líle lòdì sí àwọn tó ń polówó mílíìkì agolo aládídùn fún ọmọ ọwọ́. «Mílíìkì àti Ìpànìyàn» ni àkọlé ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ti sóyà yàtọ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú burúkú wò ó. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣòdì, FIIRO, ló ṣe soy-ogi, ògì tí wọ́n po sóyà mọ́ kí purotéènì lè wà nínú rẹ̀. IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, bẹ̀rẹ̀ ètò ní 1987 láti kọ́ àwọn ará ilé bí wọ́n ṣe lè máa fi sóyà se oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ebi purotéènì ì bá pa ló jàǹfààní. Ṣùgbọ́n àṣeyọrí yẹn náà ló jẹ́ kó ṣòro láti yẹra fún sóyà lónìí. Ó wà nínú ìgò tí wọ́n ń tà láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, nínú bẹ̀sìkẹ̀ díndín, nínú Tom Brown tí wọ́n ń lọ̀ fún ọmọ, nínú àwọn mágì kan, nínú èlò ìsebẹ̀ tó ń bá núdù wá. Nígbà mìíràn, ó ń wọ inú búrẹ́dì. Èyí tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù ni pé wọ́n ń fi sóyà ṣe irú. Ẹni tó bá ń ra irú lọ́jà kó bi oníbàárà rẹ̀ léèrè: «Ẹ jọ̀ọ́ mà, irúgbá ni àbí sóyà?» Oníbàárà tòótọ́ kò ní purọ́ fún ìyá ìkókó. Òróró sóyà tí wọ́n ti sẹ́ dáadáa ní iléeṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ní purotéènì mọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ kì í sì í bá a jà. Ẹ̀wà olóyin àti ẹ̀wà funfun kì í ṣe sóyà. Kí ìyá má tìtorí sóyà sá fún àkàrà.

Lára agolo àti láílọ́ọ̀nù, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́: milk solids, skimmed milk, whey, casein, caseinate, soya flour, soya protein. Bí ìyá àgbà kò bá lè kà á, kó fún ọmọ iléèwé ní fóònù kó ya fọ́tò rẹ̀. Mílíìkì wà nínú Milo àti Bournvita, ó wà nínú ọ̀pọ̀ bisikíìtì, ó sì lè wà nínú mítí páì. Ní àárọ̀, ògì àti àkàrà, tàbí iṣu àti ẹyin, á gbé ìyá dúró ju tíì lọ. Kálísíọ̀mù tí mílíìkì ń fúnni wà nínú ẹja wẹ́wẹ́ tí à ń jẹ teegunteegun, nínú edé, ẹ̀fọ́ àti yànmọ̀tí. Dókítà sì lè fi oògùn rẹ̀ kún un.

Àwọn ìyá kan wà tí ẹ̀rù ti bà débi pé wọ́n yọ ẹyin, ẹja, ẹ̀pà àti àlìkámà lẹ́ẹ̀kan náà, tó ku ìrẹsì àti iyọ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìtọ́jú. Ìyá tí ebi ń pa kò ní ọmú tó tó fún ọmọ.

Ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń dá láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà ni ìgbésẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ ṣe: kí ìyá tún mu mílíìkì padà pẹ̀lú ìmọ̀ràn dókítà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá padà, mílíìkì ló jẹ̀bi. Bí kò bá padà, ó lè jẹ́ pé fúnra rẹ̀ ló ti fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ìròyìn àwọn dókítà ibẹ̀, BMJ, sọ ní 2018 pé ìwé oògùn tí wọ́n kọ fún mílíìkì àkànṣe àwọn ọmọ wọ̀nyí fò láti nǹkan bí 105,000 ní 2006 sí ohun tó lé ní 600,000 ní 2016. Bẹ́ẹ̀, ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àwọn ọmọ tó lé ní 12,000 ní orílẹ̀-èdè 9 ní Yúróòpù, tó jáde ní 2015, rí i pé nínú 1,000 ọmọ, nǹkan bí 5 ni ara wọn kọ mílíìkì nígbà tí wọ́n dán an wò lójú dókítà. Ọmọ tó ń sunkún lóru kò fi dandan ní ìyọnu mílíìkì. Ẹni tó ń ta agolo ló ń jèrè ìbẹ̀rù wa.

Ọ̀rọ̀ agolo náà gan-an nìyí. Àwọn kan á ní kí ìyá já ọmọ lẹ́nu ọmú, kó bọ́ sí mílíìkì agolo. Mílíìkì màlúù ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ọmọ tó ń gba ẹ̀kán tẹ́lẹ̀ á wá gba odindi. Mílíìkì àkànṣe tí wọ́n ti fọ́ purotéènì rẹ̀ wẹ́wẹ́ wà, Nutramigen ti wà láti 1942. Lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, dókítà lè kọ ọ́ sínú ìwé, kí ọmọ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Èkó, láti òkè òkun ló ń wá, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ọmú ìyá tó yẹra fún mílíìkì ló ṣeé gbẹ́kẹ̀lé jù, owó ọjà lásán ló sì ń náni.

Kí gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀, kí dókítà kọ́kọ́ rí ọmọ náà. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ṣómólú àti Gbàgádà, LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó, kò sì jìnnà púpọ̀. Bí ibà bá mú ọmọ, bí ó bá ń bì àwọ̀ ewé, bí ikùn rẹ̀ bá wú tó le, bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀, tàbí tó rọ láìfẹ́ mu ọmú, ẹ má ṣe dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Bí ọmọ bá pé oṣù mẹ́fà, ògì lásán tí wọ́n lọ ẹja tàbí edé sí, ẹyin àti ẹ̀wà tó rọ̀ dáadáa ló máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe Cerelac. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ yìí máa ń bọ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún kan tàbí nígbà yẹn. Bí dókítà bá fọwọ́ sí i, mílíìkì tí wọ́n ti yan dáadáa pẹ̀lú ìyẹ̀fun ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, bíi bisikíìtì tàbí kéèkì díẹ̀. Bí pámpásì bá mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á lọ sí ṣíìsì, lẹ́yìn náà yógọ́ọ̀tì, mílíìkì inú ife ló kẹ́yìn. Ọmọ tí ara rẹ̀ ti lé pọ́pọ́, tí ojú rẹ̀ ti wú, tàbí tó ti bì títí tó fi rọ nígbà kan rí, ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ dán tirẹ̀ wò.