Ọwọ́ Òsì Ni Kí Afẹsẹ̀rìn Máa Gbà

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ọdún 1972, ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 2 oṣù náà ni àṣẹ ìjọba múlẹ̀ pé kí gbogbo ọkọ̀ máa gba ọwọ́ ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí ti àwọn orílẹ̀-èdè tí ó múlé tì wá. Láti ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ àtijọ́ pé kí afẹsẹ̀rìn gba ọ̀tún ti yí padà.

Ẹni tí ó bá ń fi ẹsẹ̀ rìn láti Òmù-Àrán lọ sí Èsìẹ́, ọwọ́ òsì ni kí ó gbà, kí ojú rẹ̀ lè rí ọkọ̀ tí ń bọ̀, kí ó sì tètè yà fún un. Bí ó bá gba ọ̀tún, ẹ̀yìn ni ọkọ̀ yóò ti bá a.

Ṣùgbọ́n níbo ni yóò yà sí, bí a bá sá pákí láfún tàbí iṣu èlùbọ́ sí etí ọ̀nà, tàbí tí a kó yanrìn ìkọ́lé jọ síbẹ̀? Àárín títì ni a lé ọmọ aládùúgbò wa sí. Ẹ jẹ́ kí a lo àgbàlá wa. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ẹ fi èyí kọ́ àwọn ọmọ.