Àyẹ̀wò Ìbáramu Nínú Ìsọdọ̀tun Ètò Kọ̀ǹpútà

Ohun tí ó bàjẹ́ ni ènìyàn ń tún ṣe. Nítorí náà, ‘àtúnṣe’ kò kájú ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá fi ẹ̀dà tuntun rọ́pò ètò kọ̀ǹpútà tí kò ní àbùkù tẹ́lẹ̀. ‘Ìsọdọ̀tun’ ni ó yẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́dọ̀ máa bá a rìn ni ‘àyẹ̀wò ìbáramu’. Àyẹ̀wò ìṣiṣẹ́ ń wádìí bóyá ohun tuntun ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Àyẹ̀wò ìbáramu ń wádìí bóyá yóò bá ohun tí ó ti wà nílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀.

Ìyàtọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn onílù Ẹdẹ, ìlú tí Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, ọba tí ó mọ ìlù lù, ti jọba láti 1946 di 1975. Ìyáàlù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ awọ rẹ̀ lè dún dáadáa ní òun nìkan. Ìgbà tí ó bá wọ àárín gúdúgúdú àti kẹríkẹrì ni a ó tó mọ̀ bóyá ohùn wọn ṣe déédéé. Kí atúmọ̀ èdè má ṣe pè é ní ‘ìdọ́gba’: ìyáàlù àti gúdúgúdú kò dọ́gba rí.

Ìdánwò àṣewọlé JAMB ti 2025 fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Àjọ náà yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to ìbéèrè àti ìdáhùn padà, àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yẹ ìdáhùn wò. Ètò tuntun tí ó lè ka ìlànà yìí dé orí apá kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà tí ó ń gba ìdáhùn. Kò dé orí èyí tí ó wà fún Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún gúúsù-ìlà-oòrùn. Ibi tí ó dé, ó ṣiṣẹ́. Ibi tí kò dé, ìlànà àtijọ́ ni wọ́n fi yẹ ìdáhùn wò. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, akọ̀wé àgbà àjọ náà, jẹ́wọ́ àṣìṣe yìí ní gbangba: gbọ̀ngàn 157 nínú 887 ni ó kàn, akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ni a sì ní kí ó tún ìdánwò ṣe. Kò kan Ọ̀ṣun, ṣùgbọ́n èsì ìdánwò yìí ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ẹdẹ náà fi ń gba akẹ́kọ̀ọ́.

Ti ilé-iṣẹ́ CrowdStrike, ní ọjọ́ 19 oṣù Keje 2024, tún ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fáìlì tuntun béèrè nǹkan 21; 20 péré ni ètò tí ó wà lórí ẹ̀rọ ń pèsè, àwọn àyẹ̀wò ìṣáájú kò sì fi ọwọ́ kan ìkọkànlélógún gan-an. Nǹkan bí mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ǹpútà Windows ni ó dákú, nítorí pé gbogbo oníbàárà ni wọ́n fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn díẹ̀ kí ó tó kan àwọn yòókù. ‘Ìpín ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí’ lè dúró fún èyí.