Ẹ̀jẹ̀ Asibi Tó Di Abẹ́rẹ́ Àjẹsára Gbogbo Ayé

Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà, ọdún 1927, àwọn oníṣègùn gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ọkùnrin kan ní Kpeve, ní ilẹ̀ Gold Coast, tó di Gánà lónìí. Asibi ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún 28 sì ni. Ibà ń ṣe é, ṣùgbọ́n kò le púpọ̀, ara rẹ̀ sì yá. Inú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yẹn ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ti jáde, èyí tí wọ́n ń gún káàkiri àgbáyé títí di òní.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, àádọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn kan náà ló mú ọmọbìnrin ọmọ ọdún 7 kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ìpínlẹ̀ Kwara. Láti ìgbà náà ló ti ń yọjú láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn ní Nàìjíríà. Apá ibí yìí ni wọ́n ti rí ohun tí wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ náà. Kí ló wá dé tí àrùn yìí ṣì ń pa wá lọ́mọ?

Bó ṣe ń ṣe ara

Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ibà yìí, ẹ̀fọn ló sì ń gbé e kiri. Lẹ́yìn ọjọ́ 3 sí 6 tí ẹ̀fọn náà bá jẹ ènìyàn, ara lè máa gbóná, kí orí máa fọ́, kí ẹ̀yìn máa ro ó, kí èébì sì máa gbé e. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣe àwọn. Nínú àwọn tó ń ṣàìsàn, ara ọ̀pọ̀ wọn máa ń yá láàárín ọjọ́ mẹ́rin.

Ṣùgbọ́n fún àwọn kan, ibà náà á lọ bí ẹni pé ó ti tán, á sì tún padà dé. Ìpadàbọ̀ yìí ló burú. Á kọlu ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín, ojú á pọ́n, ìtọ̀ á ṣókùnkùn, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa jáde ní imú àti ẹnu. Ìdajì àwọn tó bá dé ìpele yìí ló ń kú láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Kò sí oògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì náà. Ohun tí ilé ìwòsàn lè ṣe ni pé kí wọ́n gbé ara aláìsàn ró títí yóò fi borí rẹ̀.

Àwọn tí ìwádìí náà pa

Carlos Finlay, oníṣègùn ọmọ Cuba, ló sọ ní ọdún 1881 pé ẹ̀fọn ló ń gbé àrùn yìí kiri. Wọn ò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Ọdún 1900 ni Walter Reed, oníṣègùn ológun Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó fi hàn ní Cuba pé òótọ́ ló sọ. Ọ̀kan nínú wọn, Jesse Lazear, kó àrùn náà, ó sì kú.

Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ohun náà gan-an tí ẹ̀fọn ń gbé. Ní ọdún 1925, ilé-iṣẹ́ ìrànwọ́ Rockefeller ti Amẹ́ríkà dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ ní Yábà, ní Èkó. Àwọn ọ̀bọ tí wọ́n rí lágbègbè wa ò ṣàìsàn bí wọ́n ti fẹ́. Ìgbà tí wọ́n kó ọ̀bọ wá láti Éṣíà, tí wọ́n fún un ní ẹ̀jẹ̀ Asibi, ni ó ṣàìsàn tó sì kú. Wọ́n wá fi asẹ́ tí bakitéríà kò lè gbà kọjá sẹ́ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ohun tó sì jò kọjá ṣì ń fa àrùn. Báyìí ni wọ́n ṣe mọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì ni.

Wọ́n san owó orí rẹ̀. Adrian Stokes, oníṣègùn ọmọ Ireland tó wà nídìí iṣẹ́ náà, kó àrùn yìí, ó sì kú ní Èkó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1927. Ní oṣù Karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, Hideyo Noguchi, ọmọ Japan tó ti ń sọ tipẹ́ pé bakitéríà ló ń fà á, kú ní Accra. Láìpé ọjọ́, William Young tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ̀ lé e.

Max Theiler, ọmọ South Africa tó ń ṣiṣẹ́ ní New York, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló mú fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀jẹ̀ Asibi, tí wọ́n ń tọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀mẹ́ nínú ẹran ara eku àti ti òròmọdìẹ, títí ó fi pàdánù agbára àtipani, tó sì kù ú ní kìkì agbára àtikọ́ ara ní ìjà. Wọ́n kéde abẹ́rẹ́ náà ní ọdún 1937. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1951.

Ìdí tí kò fi tán

Wọ́n lè pa ṣọ̀pọ̀nná run nítorí pé ara ènìyàn nìkan ló ń gbé. Ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ yàtọ̀, nítorí ara ọ̀bọ nínú igbó ni ilé rẹ̀. Ẹ̀fọn igbó á jẹ ọ̀bọ, á jẹ àgbẹ̀, ọdẹ tàbí agégẹdú, ẹni yẹn á sì gbé e wá sílé. Ẹ̀fọn ilé tó ní ilà funfun lẹ́sẹ̀ ni yóò wá máa pín in láàárín ìlú. Odi kan ṣoṣo tó wà ni kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gba abẹ́rẹ́.

Níbi tí odi náà bá ti ṣí sílẹ̀ ni àjàkálẹ̀ ń gbà wọlé. Ó ṣẹlẹ̀ ní Oju, ìpínlẹ̀ Benue, ní ọdún 1986. Ní ọdún 1987 ó dé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ̀fọn ilé ló sì pín in kiri níbẹ̀. Ọdún 2004 ni Nàìjíríà fi abẹ́rẹ́ yìí kún àjẹsára ọmọdé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbà ò gbà á, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní ìparí ọdún 2020, àrùn náà bẹ́ sílẹ̀ ní Delta, Enugu, Bauchi, Benue àti Ebonyi.

Ìṣòro mìíràn ni pé ó ń fara jọ àìsàn mìíràn. Ní ọdún 2018, ibà ń pa àwọn ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, àyẹ̀wò sì sọ pé kì í ṣe ibà Lassa. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Redeemer's, ní Ẹdẹ, ló tú àṣírí inú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni. Kì í ṣe gbogbo ojú tó bá pọ́n ló jẹ́ àrùn yìí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè sọ.

Ohun tí ìdílé lè ṣe

Ọmọ oṣù 9 ni abẹ́rẹ́ náà tọ́ sí, lásìkò kan náà pẹ̀lú ti èéyi. Àgbà tí kò gbà rí náà lè gbà á. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn títí ayé, ó sì ń tó nǹkan bí ọjọ́ 10 kó tó ràn lára. Kí aláboyún, ẹni tí ẹyin adìẹ kì í bá lára mu, àti ẹni tí àìsàn ti gba agbára ara rẹ̀ kọ́kọ́ sọ fún nọ́ọ̀sì.

Àwọn arìnrìn-àjò mìíràn ń ra yẹ́lò káàdì láìgba abẹ́rẹ́. Káàdì ò lè lé ẹ̀fọn.

Omi tó mọ́ ni ẹ̀fọn ilé yìí ń yé sí: nínú àmù, dúrọ́ọ̀mù, agolo àti táyà àlòkù. Ẹyin rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò, ó sì lè gbẹ síbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ láìkú. Nítorí náà, dída omi nù nìkan ò tó. Ẹ fi kànrìnkàn fọ inú rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì dé e. Ojúmọmọ ló ń jẹni jù, ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe lóru bíi ti ẹ̀fọn ibà lásán. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì sórí ọmọ tó bá ń sùn lọ́sàn-án.

Bí ara bá gbóná, ẹ tètè lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ má ṣe fún aláìsàn ní aspirin, nítorí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa ṣàn sí i.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, ẹ mú káàdì àjẹsára àwọn ọmọ yín jáde, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Yellow Fever sí. Bí àyè iwájú rẹ̀ bá ṣófo, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní ọjọ́ àjẹsára tó ń bọ̀.